Ta Ló Ni Ohun Tó Wà Nínú Fóònù Yín?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà la ti máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, ní oṣù keje ọdún 2009. Ilé-iṣẹ́ Amazon ń ta ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Kindle. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ náà á tún máa ra ìwé sínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù náà, àwọn kan tan Kindle wọn, wọn ò rí ìwé tí wọ́n fi owó ara wọn rà mọ́. Olè kọ́ ló wọlé. Amazon fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, tó yọ ìwé náà kúrò, nítorí pé ẹni tó gbé e sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó àwọn oníbàárà padà, ọ̀gá Amazon sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, tó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà nítorí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, Amazon sì fi owó yanjú ẹjọ́ náà. Ọ̀kan nínú ìwé tí wọ́n yọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o, ni 1984 tí George Orwell kọ, ìyẹn ìtàn ìjọba kan tó máa ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ kí aráàlú má baà rántí. Bí òṣèré bá fi irú rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé, a ó ní ó ti ń ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò sọ ìtàn yìí kí n lè bú Amazon. Ohun tó ká mi lára níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó yọ ìwé náà ti wà nínú ẹ̀rọ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹni tó fowó rà á kò mọ̀, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀, nítorí ìlànà tó ń darí ẹ̀rọ náà kò ṣeé kà, kò ṣeé yẹ̀ wò, kò ṣeé yí padà. Ohun tá a fẹ́ jíròrò lálẹ́ yìí nìyẹn: láàárín ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà àti ẹni tó ń lò ó, ọwọ́ ta ló yẹ kí àṣẹ wà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, irin àti ike lásán ni. Ìlànà tí wọ́n kọ fún un ló ń tẹ̀ lé, ìlànà yẹn ni sọ́fítíwíà. Bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́, tí ọmọ ènìyàn tó mọ iṣẹ́ náà lè kà á, là ń pè ní kóòdù ìpìlẹ̀. Wọ́n á wá lọ̀ ọ́ kúnná fún ẹ̀rọ, á di òǹkà lásán tí ẹ̀rọ nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo àgbo ibà tí wọ́n rọ sínú ìgò. Ẹ lè mu ún kí ara yín yá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè wo ìgò kí ẹ mọ ewé tó wà níbẹ̀, egbò wo ni wọ́n fi sí i, báwo ló ṣe pẹ́ tó lórí iná. Ẹni tó fún yín ní ìgò ti wò yín sàn lónìí, bó bá sì tún dọ̀la, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó padà sí. Ẹni tó bá ka orúkọ ewé náà fún yín, tó sì fi bí wọ́n ṣe ń sè é hàn yín, ti kúrò lọ́nà fún yín: ẹ lè yọ èyí tí ara ọmọ yín kò gbà kúrò, ẹ lè se tiyín, ẹ lè kọ́ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa onísègùn mọ̀ pé ìmọ̀ ewé ni oúnjẹ wọn, wọn kì í tú u fún gbogbo ayé. Àárín ìgò àti ewé yìí ni ìjà sọ́fítíwíà wà, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jà á.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó ń jà. Ẹ̀rọ kan tóbi tó yàrá, owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á tàbí tí wọ́n fi ń yá a lọ́wọ́ IBM, sọ́fítíwíà sì ni ènì rẹ̀. Ní ọdún 1955, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ IBM ní agbègbè Los Angeles dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní SHARE, kí wọ́n lè máa pín ohun tí oníkálukú bá kọ. Oṣù kẹfà ọdún 1969 ni IBM kéde pé òun yóò máa dá owó lé sọ́fítíwíà lọ́tọ̀. Ohun tó jẹ́ ènì wá di ọjà.

Ọdún 1976 ni ọjà náà dá ìjà gidi sílẹ̀. Bill Gates, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Paul Allen ti kọ sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ BASIC fún kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Altair. Àwọn tí kọ̀ǹpútà ń dùn mọ́ ní California, ọmọ ẹgbẹ́ Homebrew, ń dà á kọ fún ara wọn lórí bébà gígùn tí wọ́n lu ihò sí. Inú bí Gates. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó kọ lẹ́tà gbangba sí gbogbo wọn. Ó ní owó àkókò kọ̀ǹpútà tí àwọn lò lé ní 40,000 dọ́là. Ó ní nínú ẹni mẹ́wàá tó ní Altair, ẹni tó ra BASIC kò pé ẹyọ kan. Ó ní bí wọ́n bá pín owó tó wọlé sórí wákàtí tí àwọn fi ṣiṣẹ́, kò tó dọ́là 2 fún wákàtí kan. Ó wá bi wọ́n léèrè pé ta ló máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn sọ́fítíwíà olómìnira, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà, lè tún ṣe, tó sì lè pín, máa ń fi lẹ́tà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò ní bá wọn ṣe é. Ẹ bi ẹni tó fi owó gbé fíìmù jáde ní Ìbàdàn, tí ẹ̀dà ayédèrú rẹ̀ ti wà ní ọjà Alábà kí tirẹ̀ tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè Gates lágbára, mo sì ń padà bọ̀ wá bá a.

Richard Stallman gba ọ̀nà mìíràn lọ. Láti ọdún 1971 ló ti wà ní ilé ìwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti yunifásítì MIT, ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Nílé ìwádìí yẹn, ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú kóòdù á tún un ṣe, á sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bébà máa ń há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò. Stallman wá kọ ìlànà kún sọ́fítíwíà rẹ̀ pé bí bébà bá ti há, kí kọ̀ǹpútà ta gbogbo àwọn tó ń retí iṣẹ́ wọn lólobó, kí ẹnì kan lè dìde lọ fà á yọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Xerox fi ẹ̀rọ tuntun ta wọ́n lọ́rẹ. Ó yára, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bébà ń há sínú òun náà, kóòdù ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì bá a wá. Stallman gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní kóòdù náà lọ́wọ́. Ó lọ bá a, ó tọrọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ̀, ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, a ó kàn ráhùn díẹ̀ ni, a ó sì padà lọ fa bébà wa yọ. Stallman rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣèlérí láti má ṣe ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láyé, títí kan ọmọ tí wọn kò tíì bí. Orí èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró lé. Ó ní sọ́fítíwíà tí wọ́n tì pa lè ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì tún máa ba àjọgbé jẹ́, nítorí ó ń pín àwùjọ sí ẹni tó ní àṣẹ àti ẹni tó ń tọrọ, ó sì ń sọ oore tí aládùúgbò ṣe fún aládùúgbò di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde pé òun yóò kọ odindi sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun yóò sì pè é ní GNU. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní MIT kí yunifásítì náà má baà sọ pé àwọn ló ni ohun tó kọ. Ọdún 1985 ló dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀. Òmìnira mẹ́rin ló ní ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà, orí òdo ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, bí àṣà àwọn oníkọ̀ǹpútà: kí ó lè lò ó fún iṣẹ́ yòówù tó bá wù ú; kí ó lè ka kóòdù rẹ̀ kó sì yí i padà; kí ó lè fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà rẹ̀; kí ó lè pín èyí tó ti tún ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí iye owó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Stallman fúnra rẹ̀ ta sọ́fítíwíà. Dọ́là 150 ló ń gbà lórí téèpù kọ̀ọ̀kan tí sọ́fítíwíà rẹ̀ tó ń jẹ́ Emacs wà lórí rẹ̀ ní ọdún 1985, ó sì fi jẹun. Ẹni tó rà á lè dà á kọ fún ogún ènìyàn lọ́jọ́ kejì, Stallman kò ní bínú. Ẹ wá wo WhatsApp tí ẹ fi ń kí àwọn ẹbí yín ní London: kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè wo inú áàpù náà, ẹ ò lè yí i padà, bí ilé-iṣẹ́ tó ni ín bá sì pa ìlànà dà lóru, àárọ̀ ni yóò bá yín. Nínú méjèèjì, èyí tí wọ́n ta lówó ló fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lómìnira.

Ibi tí Stallman ti fi ọgbọ́n hàn jù, lójú tèmi, ni ìwé àṣẹ tó gbé jáde ní ọdún 1989, èyí tí wọ́n ń pè ní GPL. Bó bá kàn da kóòdù sílẹ̀ ní gbangba, ilé-iṣẹ́ kan lè kó o, kó fi nǹkan díẹ̀ kún un, kó tì í pa, kó sì máa tà á padà fún àwọn tó kọ ọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àwọn onílé-iṣẹ́ fi ń ti nǹkan pa. Stallman mú òfin yẹn gan-an, ó fi dènà títì. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé: èmi ni mo ni iṣẹ́ yìí lábẹ́ òfin, mo sì gbà ọ́ láyè láti ṣe ohun tó bá wù ọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ bí o bá fẹ́ pín in fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú òmìnira tí o bá lára rẹ̀ ni kí o fi pín in. Àwọn kan ní ìwé lásán ni. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, dájọ́ pé ó múlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí le. Kì í sábà gba àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ, ó sì ti sọ èyí tó mú kó fi ipò ààrẹ àjọ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2019. Nígbà tó padà sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ bínú. Èèyàn kò ní láti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó gba ohun tó rí nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn gbọ́.

Apá kan ṣì ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ GNU, apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó ń bá irin ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, kéde pé òun ń kọ irú rẹ̀ fún ìgbádùn ara òun. Linux nìyẹn. Ní ọdún 1992 ló gbé e sábẹ́ GPL. Bí fóònù tó wà lápò yín bá jẹ́ Android, ìbáà jẹ́ Tecno, ìbáà jẹ́ Samsung, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ Torvalds kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Stallman. Iṣẹ́ tó dáa ló ń wá. Ó rí i pé bí ọ̀pọ̀ ojú bá ń wo kóòdù, àṣìṣe kì í pẹ́ fara hàn, òmìnira sì jẹ́ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ní ọdún 1998, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Netscape kéde pé òun yóò ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan pàdé ní Palo Alto, wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò máa pe irú sọ́fítíwíà yìí ní open source, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn oníṣòwò. Wọn kò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti àìtọ́ mọ́. Wọn ó kàn sọ pé ó yá, ó dínwó, ó lágbára.

Wọ́n ṣe é, ó sì mówó wọlé. Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ ní ọdún 2001, àmọ́ ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló san dọ́là bílíọ̀nù 7.5 ní ọdún 2018 láti ra GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣíṣí ń kó iṣẹ́ wọn sí. IBM san dọ́là bílíọ̀nù 34 láti ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìtọ́jú Linux, ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọnù lọ́nà. Ẹni tó yan sọ́fítíwíà nítorí pé ó dára jù yóò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èyí tí wọ́n tì pa bá dára jù ú lọ, kò sì ní rí ìdí kankan tó fi yẹ kó bẹ̀rù. Kindle dára. Ó dára gan-an ni. Ohun tí Stallman ní lọ́wọ́ kò dúró lórí pé tirẹ̀ ló ń yára jù, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè gbó bí ọjà bá yí padà. Ẹ tún padà sórí Android: Linux olómìnira wà nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti òkè rẹ̀, débi pé áàpù tí wọ́n fi há mọ́ fóònù yín níbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ ò lè yọ ọ́. Stallman gbìyànjú láti fi GPL tuntun ti ọdún 2007 dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Torvalds kọ̀, ó ní ohun tí onílé-iṣẹ́ bá fi irin ara rẹ̀ ṣe kò kan òun. Níbi yìí, Stallman ni mo tẹ̀ lé.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ kò sí lẹ́yìn Gates, wọn kò sì sí lẹ́yìn Stallman. Ẹ rìn gba òpópónà Ọ̀tígbà kọjá n'Íkẹjà, ẹ ó rí ẹni tó máa bá yín fi Windows, Photoshop àti CorelDRAW sínú láàpútọ́ọ̀pù ní owó táṣẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ wọ́n kò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, kíráàkì lórúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ń lò ó rò pé òun ti rẹ́ olówó Amẹ́ríkà jẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí Gates sọ ní Yunifásítì Washington ní ọdún 1998, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Ṣáínà. Ó ní níwọ̀n bí wọn ó ti jí sọ́fítíwíà dandan, ti àwọn ló wu òun kí wọ́n máa jí, nítorí yóò di bárakú fún wọn, àwọn yóò sì wá ọ̀nà tí àwọn yóò fi gba owó náà nígbà tó bá yá.

Ìgbà tó yá yẹn ti dé. Láti ọdún 2013, Adobe kò ta ẹ̀dà tuntun Photoshop ní àràpa mọ́. Owó oṣù lẹ ó máa san, bí owó bá tán, ó di títì. Ọmọ tó fi kíráàkì kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ti gbé gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ ka orí bọ́tìnì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Gbogbo fáìlì oníbàárà rẹ̀ wà ní irú èyí tí sọ́fítíwíà náà nìkan lè ṣí tán pátá. Nígbà tó bá la ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá gbé iṣẹ́ fún un tó sì ní kó mú ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà rẹ̀ wá, ọwọ́ ẹni tó ti ń dúró dè é láti ọdún 1998 ló bọ́ sí. Lórí gbogbo rẹ̀, kò mọ ohun tí ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ náà tún fi síbẹ̀. Ó kọ̀ láti sanwó fún ẹni tó ṣiṣẹ́, òmìnira tí Stallman ń polongo kò sì kàn án, nítorí kò lè ka kóòdù, kò lè tún un ṣe, kò sì lè pín in ní gbangba.

Ìbéèrè Gates ṣì ń dúró dè wá: ta ló ń bọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí àṣìṣe kan nínú OpenSSL, sọ́fítíwíà olómìnira tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan báńkì àti ilé ìtajà, fi ń bo ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà wọn mọ́lẹ̀. Heartbleed ni wọ́n sọ àṣìṣe náà. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tí ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ló ń tọ́jú nǹkan yìí, wọ́n rí i pé ìwọ̀nba ènìyàn ni, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nínú wọn, ọrẹ tó sì ń wọlé fún wọn kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ lọ́dún kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn pa bílíọ̀nù kò rántí wọn. Lẹ́yìn ìtìjú náà ni Google, Microsoft, Facebook àti àwọn mìíràn tó dáwó jọ.

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín: níbi yìí, àwọn olómìnira kò tíì rí èsì tó dá ṣáká. Àwọn kan ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ láti kọ Linux, ìyẹn sì ń lọ dáadáa. Àwọn kan ń ta ìtọ́jú àti àlàyé, bí Red Hat ti ṣe. Àwọn tó kù ń fi òru wọn ṣe é, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé kí gbogbo sọ́fítíwíà di olómìnira lọ́la kò tíì bá àwọn wọ̀nyí jókòó. Sísọ pé oníṣòwò ń dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lẹ́nu mi. Ohun tó yẹ ká kọ̀ fún un ni pé kó gba owó tán, kó sì tún di ọwọ́ ẹni tó sanwó.

Ìjọba kan wà tó gbé ọ̀rọ̀ yìí karí gan-an. Nígbà tí Ààrẹ Lula gorí àlééfà ní Brazil ní ọdún 2003, ó fi Gilberto Gil ṣe mínísítà àṣà, olórin ọmọ Salvador ní Bahia, ẹni tó ti wá sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ní ọdún 1977. Láti ọdún 2004, iléeṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹgbẹ́ àṣà káàkiri ìlú àti abúlé ní owó àti kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà olómìnira wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi gba orin àti eré ara wọn sílẹ̀. Ohun tí Gil rí ni pé kò bọ́gbọ́n mu kí a fún tálákà ní irinṣẹ́ tí yóò máa san owó rẹ̀ fún àlejò títí ayé. Ìjọba yí padà, ìtara náà sì rọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Munich, níbi tí wọ́n ti kó nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà ìjọba sórí Linux, tí ìgbìmọ̀ ìlú sì tún dìbò ní ọdún 2017 pé kí wọ́n padà sí Windows. Ìfẹ́ ọ̀gá kan tàbí méjì ló gbé e dúró, ọ̀gá sì máa ń lọ.

Àpẹẹrẹ tó kan àwa tó ń fi èdè Yorùbá kàwé ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n máa ń tò léra, ẹni tó ṣe àwòrán lẹ́tà náà, ìyẹn fọ́ǹtì, ló sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àtijọ́ kò sọ ọ́. Àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó di àpótí kékeré tó ṣófo. Nínú fọ́ǹtì tí wọ́n tì pa, ẹ̀bẹ̀ nìkan lẹ lè bẹ̀. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Bitstream gbé fọ́ǹtì kan jáde tó ń jẹ́ Vera, wọ́n sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún un ṣe bó bá ti fún un ní orúkọ mìíràn. Àwọn lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda mú un, wọ́n sọ ọ́ ní DejaVu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà èdè mìíràn kún un, títí ó fi kan àwọn èdè Áfíríkà. Ẹ, ọ, ṣ jókòó síbẹ̀, àmì ohùn sì mọ orí wọn. Bitstream kò rò wá rárá nígbà tó ṣe Vera, kò sì sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rò wá, níwọ̀n bó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Kí n má ṣègbè: Microsoft náà gbé Windows jáde lédè Yorùbá nígbà kan, mo sì yìn wọ́n. Ìfẹ́ inú wọn ló wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ṣá o. Bó bá wù wọ́n kí wọ́n má ṣe é mọ́, kò sẹ́ni nínú wa tó lè gbé e láti ibi tí wọ́n já a sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí níbi tí mo dúró, èmi ò ní kí àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà kógbá sílé. Mo ní kí owó aráàlú má ra ìgò láìmọ ewé. Ilé ẹ̀kọ́ tí owó orí wa ń gbé ró kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní bọ́tìnì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, nítorí ọjà ló ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe, ọmọ ló sì fi ń san án. LibreOffice wà fún lẹ́tà àti ìṣirò, àwọn tó ń kọ ọ́ sì ti fi hàn pé òmìnira yìí kì í ṣe orí ahọ́n lásán: nígbà tí Oracle ra ilé-iṣẹ́ tó ni OpenOffice ní ọdún 2010, tí ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbé kóòdù náà, wọ́n sọ ọ́ ní LibreOffice, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà wọ́n láyè, Oracle kò sì lè fà wọ́n padà.

Àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ wa yóò ní ọ̀rọ̀ mi dùn, ṣùgbọ́n àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, fáìlì CorelDRAW ni wọ́n ń béèrè. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà ju inú sọ́fítíwíà lọ. Inkscape, tó jẹ́ sọ́fítíwíà olómìnira, lè ya ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fi CorelDRAW ń yà, ó tiẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣí fáìlì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan máa ń yẹ̀ níbẹ̀. Kò dára tó CorelDRAW níbi àwọ̀ ìtẹ̀wé. Scribus, sọ́fítíwíà olómìnira mìíràn, ló ń ṣe ìyẹn, òun ló sì máa yọ PDF tí ẹ̀rọ ńlá lè gbà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lọ́la, kó mú iṣẹ́ kékeré kan tí kò kánjú, ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ fún àpẹẹrẹ, kó sì kọ́kọ́ bi onítẹ̀wé rẹ̀ bóyá ó ń gba PDF. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà á tí wọn ò kàn sọ ni.